Ibojì Tí Ọ̀nà Yà Fún

Mo ń gbá orí ibojì ìyá bàbá wa, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, nínú àgbàlá ilé wa ní Ìta Fájì, nígbà tí fóònù mi dún. Aago mẹ́jọ ku ogún ìṣẹ́jú ni, àárọ̀ Jímọ̀. Mi ò tíì gbá apá ọ̀tún, nítorí bíríkìlà ti kan èèkàn méjì síbẹ̀, ó sì ta okùn kọjá lórí ibojì náà.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló pe bíríkìlà. Wọ́n fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta sí àgbàlá, orí Màmá sì ni ìkẹta máa bọ́ sí. Wọ́n ní Màmá á ṣì wà níbẹ̀, abẹ́ sìmẹ́ńtì ló kàn máa wà. Oorun ò kùn mí láti ọjọ́ náà.

Ọmọ mi obìnrin tó ń kàwé ní Japan ló pè, lórí fídíò. Ó ti ṣèlérí pé a jọ máa lọ wo ibojì àtijọ́ kan. Mo ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀.

Òkè ni mo rí, igi bò ó, omi yí i ká. Ọmọ mi ní kì í ṣe òkè gidi, pé ọwọ́ ni wọ́n fi kó gbogbo erùpẹ̀ yẹn jọ lé òkú lórí, ó sì ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún. Ó fi àwòrán kan hàn mí tí wọ́n yà láti ojú òfuurufú: ó rí bí ihò kọ́kọ́rọ́. Mo ní kó yára sún mọ́ ọn kí dátà tó tán.

Ó dé ẹnu ọ̀nà tóóró kan tí wọ́n fi òkúta ńláńlá kọ́, tí àlejò lè gbà wọlé. Ó ti gbé ẹsẹ̀ kan kí n tó pariwo pé kó bọ́ bàtà, kó kí onílé ná. Nílé wa, a kì í wọ bàtà dé ibi tí ẹni wa sùn sí.

Ó bọ́ ọ. Mo gbọ́ tó ní, "Ẹ kúulé o. Àlejò yín dé láti Ìta Fájì." Lẹ́yìn náà ló ń ráhùn pé ìbọ̀sẹ̀ òun ti rin.

Ariwo mi ló mú ẹ̀gbọ́n mi jáde, pákò lẹ́nu. Wọ́n ní èmi tí èèyàn máa ń bẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀, kí ló dé tí mo ń pariwo ládùúgbò? Mo ní kí wọ́n wá wò ó. Àwa méjèèjì bẹ̀rẹ̀ mọ́ fóònù. Òkúta kan tó wà lókè orí ọmọ náà tóbi ju ọkọ̀ akẹ́rù lọ. Ẹ̀gbọ́n mi béèrè ẹni tí wọ́n sin síbẹ̀. Ọmọ mi ní wọ́n rò pé ìjòyè ni, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀ mọ́. Àwọn ará àdúgbò ló ń ro koríko ibẹ̀.

Nígbà tó jáde, ó yí fóònù sí títì. Títì náà ń bọ̀ tààrà láàárín ilé, ó dé ẹ̀bá òkè yẹn, ó yà, ó yí i po, ó tún padà ń lọ tààrà.

Ẹ̀gbọ́n mi béèrè ìdí tí wọn ò fi la á kọjá.

Ọmọ mi ní, "Bàbá mi, èèyàn ṣáà ń sùn níbẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi yọ pákò lẹ́nu. Wọ́n lọ síbi ibojì Màmá, wọ́n bọ́ sálúbàtà wọn, wọ́n fa èèkàn kìíní yọ, wọ́n fa ìkejì, wọ́n sì ń ká okùn mọ́ ọwọ́. Èmi dúró, fóònù ṣì wà lọ́wọ́ mi, ẹ̀rín ò jẹ́ kí n lè pa ẹnu dé.

Wọ́n wò mí. "Ṣọ́ọ̀bù méjì náà ti tó. Mú ìgbálẹ̀ rẹ, jàre. O fi apá ọ̀tún Màmá sílẹ̀ láìgbá."