Ẹni Tó Gbé Báàgì Tẹ̀ Lé Ìyá Mi

Èmi ni mo rí kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, kí gbogbo ayé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nílé wa ní Bìní, èmi ni mo jókòó ti kọ̀ǹpútà tí mo ń wá ibi tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń mú kí àwòrán máa rìn, títí mo fi rí ọ̀kan l'Ékòó. Bàbá mi ò fẹ́. Ó ní yunifásítì ṣáà wà ní Ugbowo, kẹ̀kẹ́ kan péré ló máa gbé mi débẹ̀. Nígbà tí ẹ̀bẹ̀ mi pọ̀ lápọ̀jù, ó ní bí wọ́n bá gbà mí l'Ékòó, kí n máa lọ. Bí wọn ò bá gbà mí, Ugbowo ni.

Ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó wá láti Òṣogbo tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, ní òun náà á gbìyànjú. Mo rẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ̀ mi ló ti kọ́ kọ̀ǹpútà.

Fíìmù kékeré kan ni wọ́n ní ká fi ránṣẹ́, tí a fọwọ́ ara wa yà, kí èèyàn kan máa rìn nínú rẹ̀. Mo ya jagunjagun. Mo fún un ní idà, mo fún un ní ìyẹ́, mo jẹ́ kí iná máa yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ká má parọ́, mo ti ń jowú ọmọ yìí tipẹ́. Bìní ni wọ́n bí mi sí. Bí ìyá mi bá fi Yorùbá bá mi sọ̀rọ̀, Pijin ni mo fi ń dá a lóhùn. Òun àti ọmọ yẹn ni wọ́n jọ ń ṣàwàdà nílé ìdáná, àwàdà tó ń yé mi ṣùgbọ́n tí n ò mọ bí mo ṣe máa dá sí i. Bí wọ́n bá ń ti ọjà Santana bọ̀, á gbé báàgì, á máa tẹ̀ lé ìyá mi lẹ́yìn, nítorí ọmọ tó gbẹ́rù kì í ṣáájú àgbà. Èmi á wà nílé, mò ń kun ìyẹ́ jagunjagun mi lọ́dà.

Ọmọ yẹn ni kọ́lẹ́ẹ̀jì mú. Wọn ò mú mi.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí èsì dé, bàbá mi ní kó fi fíìmù rẹ̀ hàn wá. Obìnrin kan ló ń lọ láàárín ọjà, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan la rí. Orúnkún ń dùn ún, nítorí náà ó máa ń gbé ejìká òsì díẹ̀ kó tó gbẹ́sẹ̀. Ó dúró, ó tú ìró rẹ̀, ó tún un ró, ó ń bá tirẹ̀ lọ. Kò sí idà, kò sí iná.

Ìyá mi sún mọ́ kọ̀ǹpútà. "Èmi rèé," ó ní. "Ṣé bí mo ṣe ń rìn nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mọ́mì."

Bàbá mi ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Ìyá tèmi ni ọmọ yìí kó lọ fún kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ìyá tèmi ló fi wọlé, èmi tí wọ́n bí sínú ilé yìí ò sì rí ejìká yẹn rí.

Ìyá mi yíjú sí mi. "Ìwọ ńkọ́? Ta ni ìwọ yà?"

Mo wá Yorùbá tí mo máa fi dáhùn, n ò rí i. "Na warrior," ni mo sọ.

Ó mirí, ó dìde, ó forí lé ilé ìdáná. Ejìká òsì gbéra díẹ̀. Mo fẹ́ dìde, ṣùgbọ́n ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti wà lẹ́yìn rẹ̀.