Bàbá Máfọwọ́kàn-án àti Ojú Fóònù Rẹ̀

Ọjọ́ tí olóògbé Bàbá Máfọwọ́kàn-án fi tírówẹ́lì wọ́ ojú fóònù ẹnjiníà, gbogbo àwọn tó wà níbi iṣẹ́ ló dá ọwọ́ iṣẹ́ dúró. Birikilà ni bàbá yìí, táìsì lílẹ̀ ló sì mọ̀ jù. Ẹnjiníà tó gbé iṣẹ́ fún wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ra fóònù ni, ó wá ń fi yangàn fún wọn pé ojú rẹ̀ le, kò sí ohun tó lè fa ilà sí i.

"Ẹnu lásán nìyẹn, ọ̀gá," ni Bàbá wí. "Ẹ jẹ́ ká dán an wò."

"Kí lẹ fẹ́ fi dán an wò?"

Kí ẹnu ẹnjiníà tó padé, Bàbá ti gba fóònù, ó ti tẹ́ ẹ sórí pákó, ó sì ti fi ẹnu tírówẹ́lì tó fi ń lẹ sìmẹ́ńtì wọ́ ọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹnjiníà ké bí ẹni tí agbọ́n ta. Wọ́n gbé fóònù sínú oòrùn, wọ́n yí i síbí, wọ́n yí i sọ́hùn-ún. Kò sí ilà kankan níbẹ̀.

"Ẹ ò rí i báyìí?" Inú Bàbá dùn bí ẹni pé òun ló ṣe fóònù náà. "Irin ò ràn án. Òótọ́ lẹ sọ, ọ̀gá. Ẹ jẹ́ kí n bá yín nù ún."

Ló bá fa apá ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀, ẹ̀wù tó ti fi ń po yanrìn láti òwúrọ̀, ó sì fi nu ojú fóònù náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, yípo-yípo, bí ẹni ń nu ojú ọmọ ìkókó. Fóònù tí irin wọ́ tí nǹkan kan kò ṣe, apá ẹ̀wù sọ ojú rẹ̀ di ojú ẹni tó bá ológbò jà.

Ìtàn yìí kò lè ṣe kó má pa ìyàwó rẹ̀ lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n lówùúrọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn ikú bàbá, bí àbúrò ọkọ rẹ̀ ṣe ń sọ ọ́ fún un lójú ọ̀nà kí ọkàn rẹ̀ lè fúyẹ́, kò rí ẹ̀rín rín. Fóònù olóògbé ló wé sínú ìborùn mọ́ àyà. Ó já bọ́ lórí tábìlì ilé ìdáná lówùúrọ̀ yẹn, orí táìsì tí ọkọ rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ lẹ̀ ló sì balẹ̀ sí. Ojú rẹ̀ fọ́ yánnayànna bí òwú aláǹtakùn, ó sì kú dúdú.

Kì í ṣe iye fóònù náà ló ń dùn ún. Fóònù ọ̀hún ti gbó débi pé bí olè bá jí i, yóò dá a padà. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni. Bàbá Máfọwọ́kàn-án kò fẹ́ràn ìwé kíkọ. Ohunkóhun tó bá fẹ́ rántí, á sọ ọ́ sínú fóònù, á sì gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀: bí yàrá kan ṣe fẹ̀ tó, ẹni tó yá òòlù rẹ̀, àti gbogbo ohun tó rò nípa ayé àti àwọn tó wà nínú rẹ̀. Láti ìgbà tó ti jáde láyé, ìyàwó rẹ̀ kì í gbé omi kaná láràárọ̀ láìkọ́kọ́ gbọ́ ọ̀kan níbẹ̀, ọ̀kan náà sì ni nígbà gbogbo. Bí fóònù yẹn bá kú, bàbá yóò kú lẹ́ẹ̀kejì.

"Ìyàwó wa, ẹ mí kanlẹ̀," ni àbúrò ọkọ wí nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.

"Adúmáradán, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí ìlera fóònù ná, kí n tó máa mí." Káfíńtà ni Adúmáradán, àbúrò ọkọ yìí, ìyàwó ló fún un lórúkọ náà nígbà tó dé ilé wọn.

Obìnrin ni atúnfóònùṣe náà, ó fi awò kékeré kan sí ojú kan, ó tan iná funfun sórí tábìlì, ó sì to àwọn ìdè fóònù tín-tìn-tín sínú ìdérí agolo. Ó gba fóònù, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì kan sáárá.

"Háà! Fóònù Bàbá Máfọwọ́kàn-án nìyí! Mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ owó." Ojú rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. "Ṣùgbọ́n Màmá, n ó sọ òótọ́ fún yín. Wọn ò ṣe ojú irú fóònù yìí mọ́. Bó bá jẹ́ ojú rẹ̀ gan-an ló fọ́, mi ò mọ ibi tí a ó ti rí òmíràn."

"Ohùn tó wà nínú rẹ̀ ńkọ́?"

"Bí kò bá tàn, mi ò lè dé ibi tí ohùn wà. Ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ kí n fi ooru tú u."

Màmá jókòó sí etí àga bí ẹni tó fẹ́ sá. Atúnfóònùṣe tan ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná, ó ń fẹ́ ẹ sí etí fóònù díẹ̀díẹ̀. Ó rí i pé ìyá náà kò fara balẹ̀, ló bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn.

"Èmi ni mo pààrọ̀ ojú fóònù ẹnjiníà ìjọ́sí, ẹ ò mọ̀? Bàbá ò lówó tí yóò fi san án, ló bá bá ẹnjiníà lẹ táìsì sílé lọ́fẹ̀ẹ́. Apá ẹ̀wù kan, odindi balùwẹ̀ ló jẹ."

Adúmáradán rẹ́rìn-ín. Màmá ń wo fóònù.

"Ìgbà yẹn ni mo là á yé e," ni atúnfóònùṣe ń bá a lọ. "Mo ní, 'Bàbá, irin ò le tó gíláàsì fóònù. Yanrìn ló le jù ú lọ. Ẹyọ yanrìn kan ṣoṣo nínú àpò yín, ó tó fa ilà sí i.' Bàbá yẹ àpò rẹ̀ wò, ó bu yanrìn ẹ̀kúnwọ́ jáde, ó ní, 'Ìyẹn ni pé láti ìgbà èwe ni mo ti ń gbé ọ̀tá kiri lápò, tí mo ń bọ́ ọ?'"

Láti ọjọ́ náà, ó ní dandan ni kí òun ra gáàdì, ìbòrí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ojú fóònù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rò pé yóò rà á wẹ́rẹ́ kò mọ bàbá yìí.

"Èló ni ti ọ̀rá, èló ni ti gíláàsì?"

"Ti gíláàsì wọ́n díẹ̀ jù ú lọ, Bàbá. Ṣùgbọ́n bí fóònù bá já bọ́, òun ni yóò gba ìyà náà jẹ."

"Kí ló dé tí n ó fi ra gíláàsì bo gíláàsì? Ta ló ń kọ́lé bo ilé?"

"Bàbá, ẹ̀yin náà lẹ ń fi táìsì bo ilẹ̀. Ṣé ilẹ̀ ò lè dá wà ni?"

Bàbá wò ó títí. Ó wo òrùlé. Ó ní, "Gbé ti gíláàsì wá, kí o sì pa ẹnu rẹ dé."

Nígbà tí atúnfóònùṣe fẹ́ bá a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú fóònù, Bàbá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ta ni yóò kọ́ òun ní lílẹ̀? Ó nu fóònù, lọ́tẹ̀ yìí pẹ̀lú aṣọ tó mọ́. Ó gbé gáàdì lé e, ó fi ojú kan wò ó bóyá ó gún. Ó rí i pé afẹ́fẹ́ díẹ̀ há sísàlẹ̀ rẹ̀, ó sì mi orí.

"Táìsì tí afẹ́fẹ́ bá há sísàlẹ̀ rẹ̀, fífọ́ ni yóò fọ́."

"Bàbá, kì í ṣe táìsì. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, yóò jáde."

Bàbá ti yọ òòlù onírọ́bà jáde nínú àpò irinṣẹ́. Kọ́, kọ́, ó ń rọra gbá a bí wọ́n ṣe ń gbá táìsì kó lè jókòó. Ìgbà tó ṣe díẹ̀, gáàdì là sí méjì.

"O ò rí i?" ni Bàbá wí, ó sì gbé orí sókè. "Mo sọ fún ọ pé yóò fọ́."

Nígbà náà ni etí fóònù dún wẹ́rẹ́ lórí tábìlì. Atúnfóònùṣe pa ìtàn tì. Ó fi abẹ tẹ́ẹ́rẹ́ gbé gíláàsì tó fọ́ náà sókè, ó bọ́ ọ kúrò. Màmá dìde dúró. Nísàlẹ̀ rẹ̀, ojú fóònù tún fọ́.

"Olúwa o," ni Màmá wí.

"Ẹ dúró ná." Atúnfóònùṣe fa iná súnmọ́ ọn. "Ẹ dúró, Màmá. Kì í ṣe ojú rẹ̀ nìyí. Gáàdì mìíràn ni!" Ó bọ́ ìyẹn náà. Òmíràn tún wà lábẹ́ rẹ̀, igun kan péré ló là lára rẹ̀. "Mẹ́ta! Bàbá yìí lẹ gáàdì mẹ́ta lé ara wọn! Ẹ̀yìn mi ló ti ṣe é!"

Ó bọ́ ẹ̀kẹta, ó fi aṣọ rírọ̀ nù ún, ó sì yí i sínú iná. Ojú fóònù náà tòrò bí omi àárọ̀ nínú àwo. Kò fọ́, kò là, ilà kan kò sí lára rẹ̀. Ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ó rí i pé bátìrì ló ṣí kúrò ní àyè rẹ̀ nígbà tó já bọ́. Ó tì í padà, ó tẹ̀ ẹ́. Iná tàn.

Màmá mí kanlẹ̀. Ó jókòó, ó kún àga náà wàyí, ó sì tú ìborùn rẹ̀ bí ẹni tó ru igi láti oko tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ kalẹ̀. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì fẹ́ dúró mọ́.

"Abájọ!" ni Adúmáradán pariwo. "Abájọ tí fóònù yẹn fi di adití sí ìka! Mo rò pé ìka ẹ̀gbọ́n mi tí sìmẹ́ńtì ti jẹ ni kò jẹ́ kó gbọ́. Ọjọ́ kan ló pè mí, mo gbé e. Ó ní, 'Ìwọ kọ́ ni mo pè.' Mo ní, 'Ẹ̀gbọ́n, èmi lẹ pè.' Ó ní, 'Mo ní ìwọ kọ́! Gbé fóònù sílẹ̀, kí ẹni tí mo pè lè gbé e!'"

"Èmi náà máa ń tẹ̀ ẹ́ títí ọwọ́ á fi dùn mí," ni Màmá wí, ó ń nu ojú. "Mo rò pé ogbó ni."

"Òótọ́ ni pé ọ̀kan tó," ni atúnfóònùṣe wí. "Méjì tó kù yẹn, ìnákúnàá ni. Ṣùgbọ́n lónìí, mi ò ní bá a jiyàn."

Ta ni yóò bá a jiyàn? Gáàdì olówó pọ́ọ́kú mẹ́ta kú dípò ohun tí owó kò lè rà. Ẹni tó bá mọ ìṣirò mọ̀ pé ọjà náà dáa.

Ọkàn Màmá ti wá balẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì là. Ó sọ ti ilé ìwòsàn fún wọn, nígbà tí àìsàn tó gbé bàbá lọ dá a dúbúlẹ̀. Nọ́ọ̀sì fẹ́ gbé fóònù kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó lè gún un lábẹ́rẹ́. Bàbá tí kò lè gbé orí gbé ohùn sókè, ó sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, pé, "Má fọwọ́ kàn án!"

Nọ́ọ̀sì ní, "Bàbá, ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ fọwọ́ kàn."

"Ìyẹn ò burú," ni Bàbá dá a lóhùn. "Ara tèmi ti kún fún ilà tẹ́lẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Atúnfóònùṣe da gbogbo ohùn inú fóònù náà sí ibòmíràn pẹ̀lú, nítorí ẹni tí ejò bá ti lé, tó bá rí okùn, kó sá ni. Ó lẹ gáàdì tuntun mọ́ ọn, ẹyọ kan, ó sì gbé e fún oní-nǹkan.

"Màmá, ẹ tẹ̀ ẹ́ ká gbọ́, kó dá wa lójú pé ó ń ṣiṣẹ́."

Màmá tẹ̀ ẹ́. Ìka rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn án ni, ohùn bàbá ti gba ṣọ́ọ̀bù kan, ohùn gbọ̀ọ̀rọ̀, ti ẹni tó ń kanra mọ́ ara rẹ̀:

"Rántí o! Ìyá ilé ní kí á kun pálọ̀ ní àwọ̀ ewé. Ìwọ lo ní àfi funfun. A ti kùn ún ní funfun báyìí, ó dà bí ibi tí wọ́n ń yọ eyín. Òun ló jàre. Lọ́la, ra ọ̀dà àwọ̀ ewé. Bó bá bi ọ́, sọ fún un pé ẹnì kan ló fi ta ọ́ lọ́rẹ, o kò sì fẹ́ fi í ṣòfò. Kò gbọ́dọ̀ mọ̀ o."

Atúnfóònùṣe bú sẹ́rìn-ín. Adúmáradán gbá itan.

"Ó kùn ún lóòótọ́," ni Màmá wí. "Ó dúró sí àárín pálọ̀, ó ń ráhùn pé ọ̀dà ọ̀fẹ́ ló fa gbogbo wàhálà yìí. Èmi ni mo tún ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fara dà á, pé yóò mọ́ ọn lára."

"Ẹ wá fi ṣe é ní yẹ̀yẹ́ títí ayé, àbí?" ni atúnfóònùṣe bi í.

"Níbo? Ìgbà tó ti lọ tán ni mo tó gbọ́ ọ." Ó fi fóònù náà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó lọ́wọ́ọ́rọ́ láti ibi iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lára rẹ̀. "Láràárọ̀ ni mo máa ń jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀ tán, n óò wá wí fún un pé, 'Olówó orí mi, mo ti gbọ́.'"