Ọ̀pá Iná Tó Tàn Láìsí Wáyà

Òórùn ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì ló máa ń gbé mi padà sí yàrá Bọ̀ọ̀dá Táyọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tó háyà yàrá nílé wa ládùúgbò Upper Sakponba. Màmá ò fọkàn tán Bọ̀ọ̀dá, wọ́n ní kí n máa yọjú wo ohun tó ń lọ níbẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kọ́ìlì, wáyà lílọ́ tí wọ́n yọ nínú tẹlifíṣọ̀n àlòkù, ń ta pàrà lórí tábìlì, òórùn bíi ti ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì sì gba yàrá kan. Bọ̀ọ̀dá gbé ọ̀pá iná onígíláàsì, irú èyí tí wọ́n ń fi sí àjà ilé, sún mọ́ ọn, ọ̀pá náà sì tàn láìsí wáyà.

"Inú wáyà kọ́ ni agbára iná ń gbà. Ìta rẹ̀ ni," Bọ̀ọ̀dá ṣàlàyé fún mi.

Mo sáré lọ bá Màmá. "Mummy, light dey him hand, no wire!"

"Mo sọ bẹ́ẹ̀! Ta ní ń tilẹ̀kùn mọ́rí lọ́sàn-án gangan? Ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ni!"

Kílẹ̀ tó ṣú, Màmá ti lé wọn jáde.

Ohun tí Bọ̀ọ̀dá sọ yẹn ni mò ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi báyìí. Títí dòní, n ò tíì sọ fún Màmá pé kí n tó sáré wá bá wọn lọ́jọ́ náà, mo gba ọ̀pá náà lọ́wọ́ Bọ̀ọ̀dá, ó sì tàn lọ́wọ́ èmi náà.