Òǹdè Tó Bẹ̀bẹ̀ fún Omi Àlùwàlá

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Kétu, lábẹ́ ìjọba Faransé, wàláà kan ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi jọ ń lò nílé kéwú. Ẹ̀yin ọmọ-ọmọ mi tẹ́ ẹ ń kọ́ Lárúbáwá ní Sharjah níbí, tí kálukú yín ní ìwé tirẹ̀, ẹ ò lè mọ bí ìyẹn ṣe ń so ọmọ méjì pọ̀. Ọmọbìnrin àfáà wa ló yà wá. Àwa méjèèjì la fẹ́ fi ṣaya. Ọ̀rẹ́ mi ni àfáà gbà láti fún. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti kí i mọ́.

Faransé mú un lọ ṣe ṣọ́jà. Lẹ́yìn ọdún méjì, ó kan èmi náà. Àwọn ará Àlgéríà ń jà kí Faransé lè fi ilẹ̀ wọn sílẹ̀; àwa tí Faransé jókòó lé lórí nílé ni wọ́n kó lọ dá wọn lẹ́kun. Inú àgọ́ kan lórí òkè ni mo ti bá ọ̀rẹ́ mi. Mo kí i.

“Àṣé òtútù ló lè mú ọ̀gbẹ́ni yìí kí èèyàn,” ló wí, ó sì fi ìdajì kúbùsù rẹ̀ bò mí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwa mẹ́rin là ń ṣọ́ bàbá arúgbó ará Àlgéríà kan tí wọ́n mú. Nígbà tí àwọn méjì lọ mu kọfí, bàbá náà bẹ̀bẹ̀ fún omi àlùwàlá. Ọ̀rẹ́ mi tú okùn ọwọ́ rẹ̀.

Mo ní, “Wọ́n á pa ẹ́.”

“Ta ló máa sọ fún wọn? Ìwọ?” Ó rẹ́rìn-ín.

Bàbá náà kírun tán, ó sá lọ. Ọ̀gá wa tò wá, ó bi wá lọ́kọ̀ọ̀kan pé ta ló tú u. Mo ro ti ọmọ àfáà. Mo nawọ́ sí ọ̀rẹ́ mi. Wọ́n mú un lọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mi ò sì fojú kàn án mọ́.

Nígbà tí mo padà sílé, mo ní èmi àti ọ̀rẹ́ mi ò pàdé lójú ogun. Ọmọbìnrin náà dúró dè é fọ́dún mẹ́rin kó tó gbà láti fẹ́ mi. Òun ni màmá àgbà yín tá a sin lóṣù tó kọjá. Lórí ibùsùn àìsàn, ó tún bi mí: “Bàbá wọn, ṣé òótọ́ ni pé ẹ ò rí i níbẹ̀?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Lóde òní, bí bàbá yín bá pẹ́ díẹ̀ níbi iṣẹ́ ní Jebel Ali, ẹ ti rí ojú rẹ̀ lórí fóònù. Nígbà tiwa, ẹnu ẹni tó bá ti ogun dé lobìnrin ti ń gbọ́ ìròyìn. Ẹnu tèmi nìkan ni màmá àgbà yín ní.