Orúkọ Tí Wọn Kì Í Pè ní Ìpàdé Òkè-Ìrosùn

Òórùn kẹrosíìnì ló máa ń kọ́kọ́ jí mi láàárọ̀, ohùn Bàbá mi á sì tẹ̀ lé e. Yàrá kan là ń gbé ní Agbowó nígbà náà. Ìyá mi á ti tan sítóòfù lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ti gbé omi ògì kaná, Bàbá á wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní mi, wọ́n á máa kì mí. Àlàmú lorúkọ mi. Wọ́n á to àwọn baba ńlá wa lẹ́sẹẹsẹ títí wọ́n á fi kan Ọdẹ́tọ́lá: "Ọmọ Ọdẹ́tọ́lá, tó nìkan sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè lálẹ́ ọjọ́ ogun, nígbà tí gbogbo akọni ń gbọ̀n." Tí wọ́n bá ti débẹ̀, orí mi á wú. Mo máa ń rò pé èmi náà lè na sójà.

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà mọ̀ pé ìwé mẹ́rin péré ni mo kà. Ṣùgbọ́n ẹ dé ọ̀dọ̀ àwọn onípákó ní Bódìjà lónìí, kí ẹ bi wọ́n pé ta lọ̀gá. Ohun tí mo bá gbọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ti wọlé nìyẹn. Bàbá mi ló kọ́ mi. Wọ́n máa ń sọ pé, "Ọmọ tí kò mọ ìtàn ilé rẹ̀, bí ẹni tí wọ́n rà lọ́jà ló rí."

Òkè-Ìrosùn ni Bàbá mi ti wá, ìlú kékeré kan lọ́nà Òkè-Ògùn. Iṣẹ́ káfíńtà ni wọ́n ń ṣe. Lóṣooṣù, lọ́jọ́ Sunday, àwọn ọmọ ìlú náà tó wà n'Íbàdàn á pé jọ sí àgbàlá wa, ìmàle àti onígbàgbọ́, wọ́n á jókòó lórí bẹ́ǹṣì tí Bàbá mi kàn. Kí wọ́n tó sọ ohunkóhun, Bàbá Mọ́níyà, tó dàgbà jù láàárín wọn, á dìde, wọ́n á máa dárúkọ àwọn èèyàn ńlá ìlú: ẹni tó kọ́kọ́ dáná sórí òkè, ìyá tó rí omi nínú àpáta nígbà ọ̀dá, tíṣà tó fi amọ̀ kọ́ ilé ìwé àkọ́kọ́, awakọ̀ tó kọ́kọ́ gbé lọ́rì wọ̀lú tí àwọn àgbà fi sá wọgbó. Bí wọ́n bá ti pe ọ̀kan, gbogbo agbo á dáhùn pé, "Orúkọ rẹ̀ ò ní parun."

Gbogbo wọn ni mo mọ̀ sórí. Ohun tó ń dùn mí ni pé wọn kì í kan Ọdẹ́tọ́lá. Mo rò pé wọ́n ń gbàgbé ni.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ fi Bàbá mi ṣe alága ẹgbẹ́ ló ṣẹlẹ̀. Ìyá mi ti lọ agbádá wọn, ó ń dán. Bàbá Mọ́níyà ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ tán ni mo nàró láàárín àwọn ọmọdé. Mo ní, "Bàbá, ẹ gbàgbé ẹnì kan. Ọdẹ́tọ́lá, tó nìkan sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, tí Bàbá mi fi ń jí mi láràárọ̀." Mo wá ń retí kí agbo dáhùn.

Ìyá kan tó wà nítòsí mi ká ìró rẹ̀ mọ́ra bí ẹni tí ejò gba ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá. Bàbá Mọ́níyà ò bá mi wí. Wọ́n pè mí súnmọ́.

"Àlàmú, kí ló sọ̀ kalẹ̀ lọ ṣe?"

Mo ní ó lọ bá àwọn ọ̀tá jà ni. Wọ́n mi orí.

"Ọ̀tá ti mú ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo. Ó lọ tọrọ rẹ̀ ni. Wọ́n ní kó fi ọ̀nà òkè han àwọn, ó sì fi hàn wọ́n. Ìdajì ìlú ni wọ́n kó lẹ́rú lálẹ́ ọjọ́ náà. Láti ìgbà yẹn, a kì í pe orúkọ rẹ̀ láwùjọ."

Mo wo ojú Bàbá mi, mo ń retí kí wọ́n ní irọ́ ni. Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀. Ìgbà yẹn ló yé mi pé wọ́n mọ̀. Láràárọ̀ tí wọ́n ń fi ọkùnrin yẹn wú mi lórí, wọ́n mọ̀. Ẹ̀rù ìyẹn bà mí ju ti ogun lọ, kò sì tíì tán lára mi dòní.

Ọmọ ẹgbẹ́ kan tó ń gbé ní Onírèké wá ń bèèrè bóyá ẹni tó ń fi orúkọ yẹn jí ọmọ ni wọ́n fẹ́ fi ṣe olórí òun. Bàbá mi dìde. Wọn ò pariwo.

"Ẹ̀yin àgbà, òun ló bí wa. Ta ni kí n fi jí ọmọ mi?"

Bàbá Mọ́níyà dá wọn lóhùn wẹ́rẹ́ pé, "Nínú yàrá rẹ ni kí o ti máa pè é, Bàbá Àlàmú. Kó má jáde síta."

Ẹlòmíì ni wọ́n fi ṣe alága. Nígbà tí àgbàlá ṣófo, tí Bàbá ń to bẹ́ǹṣì wọn jọ, mo bi wọ́n bóyá àwọn ọ̀tá tiẹ̀ dá ọmọbìnrin náà padà. Wọn ò wẹ̀yìn.

"Wọ́n dá a padà. Òun ló bí bàbá tó bí bàbá mi."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bí ọkùnrin yẹn ò bá sọ̀ kalẹ̀, kò sí èmi.

Lónìí, mo nílé méjì, kò sì sí ìpàdé tí mo wọ̀ ní gbogbo Ìbàdàn tí wọn kì í sáré gbé àga fún mi. Láràárọ̀ ni mo ń ki ọmọ mi bí Bàbá mi ṣe kì mí, n ò yọ ẹnì kankan sílẹ̀. Ọmọdé tí mo jẹ́ nígbà náà dìde láàárín agbo, ó pe Ọdẹ́tọ́lá sétí gbogbo ìlú, ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n. Èmi àgbà, tí mo ń pariwo lé àwọn onípákó lórí látàárọ̀ dalẹ́, bí mo bá ti fẹ́ kan orúkọ yẹn, mo máa ń kọ́kọ́ ti fèrèsé.