Oríkì tí Judicaël jí kọ

Ẹfúnwùmí tó ń ṣe epo pupa ní Ikpinlè, ẹnu rẹ̀ mú. Ẹni tó bá kọjá nídìí ìkòkò rẹ̀ láìkí i yóò gbọ́ ọ̀rọ̀. Ẹni tó kí i pàápàá yóò gbọ́ díẹ̀. Nadège nìkan, ọmọ ọmọ rẹ̀ tó wà ní ọdún kejì ní yunifásítì, ni kì í bú. Oríkì ló ń fi pe ìyẹn: Àjọkẹ́ láàárọ̀, Àjọkẹ́ lọ́sàn-án.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan tí kì í ṣe àsìkò ìsinmi, alùpùpù akérò tí wọ́n ń pè ní zẹmijan já Nadège sílẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ẹrù rẹ̀. Ó jókòó, ó ń ṣa ẹyìn. Lẹ́yìn náà ló ní òun ò padà síléèwé mọ́.

Àyà Ẹfúnwùmí já. Epo yìí ló fi ń rán ọmọ náà níléèwé láti kékeré.

“Kí ni wọ́n fi ṣe ọ́?”

“Ìyá àgbà, ẹnìkan fi orúkọ èké bojú lórí ayélujára, ó ń gbé fọ́tò mi síbẹ̀. Ó ní mò ń bá àwọn olùkọ́ sùn kí n lè yege. Gbogbo kíláàsì ló ń kà á.”

“Kà á fún èmi náà.”

Ojú ti Nadège, ṣùgbọ́n ó kà á, ó ń túmọ̀ Faransé rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹfúnwùmí ń pòṣé lọ, títí ọmọ náà fi dé ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé: “Àjọkẹ́, padà sí abúlé yín.”

“Dúró. Ta ló mọ Àjọkẹ́ níbẹ̀? Etí ta ni mo ti pè ọ́ bẹ́ẹ̀?”

Ẹnìkan ṣoṣo ni. Judicaël, ọmọ kíláàsì rẹ̀, tẹ̀lé e wálé lọ́dún tó kọjá, ó jẹ iyán yó, ó sì ní òun fẹ́ fẹ́ ẹ. Nadège ní òun ò fẹ́. Ará ìlú ńlá ni Judicaël, kò mọ oríkì, ó rò pé orúkọ tí gbogbo abúlé ń pe Nadège nìyẹn.

Ẹfúnwùmí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kí Nadège gba ohùn òun sílẹ̀, kó fi í sí wọ́sáàpù kíláàsì wọn, kí ẹni tó gbọ́ èdè òun túmọ̀ fún ẹni tí kò gbọ́.

“Judicaël, ọmọ mi, ṣé dáadáa lo wà? Orúkọ tó o kọ yẹn, èmi nìkan ló ń pè é, ìwọ nìkan lo sì gbọ́ ọ nínú gbogbo yín. Iyán tó o jẹ, mi ò bínú sí i. Irọ́ tó o pa ni kó o wá kó kúrò ńlẹ̀.”

Kí epo tó hó, Judicaël ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ó ń bẹ̀bẹ̀. Ṣùgbọ́n Nadège ti tọ́jú àwòrán ohun tó kọ. Solange, ọmọ kíláàsì wọn mìíràn, kọ̀wé sí i pé orúkọ èké kan náà ló ń bú òun àti ọmọbìnrin méjì mìíràn. Wọ́n fẹ́ lọ fẹjọ́ sùn lọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ iléèwé lọ́la, wọn ò sì fẹ́ lọ láìsí Nadège.

Nadège fọ epo kúrò lọ́wọ́.

“Ìyá àgbà, ẹ bá mi wá ọkọ̀.”

“Ẹ̀rù ò wá bà ọ́ mọ́?”

“Ó ń bà mí. Àmọ́ ẹ̀rí wà lọ́wọ́ mi.”

Ẹfúnwùmí fúnra rẹ̀ jáde lọ pe alùpùpù. Ó dá awakọ̀ náà dúró, ó kìlọ̀ fún un pé kó rọra sáré, nítorí ẹni tó gbé yẹn ní ẹjọ́ láti rò lọ́la.