Níbi Pátákó Eléyín ní Ìkòsí

Ọmọ ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́wàá tó ń bá àwọn òbí rẹ̀ gbé ní ẹ̀gbẹ́ Ìṣẹrì, kì í bá mi sọ̀rọ̀. Kì í ṣe pé kò lẹ́kọ̀ọ́ o. Bó bá ti kúnlẹ̀ kí mi tán, ọ̀rọ̀ wa parí nìyẹn. Nígbà tí mo gbọ́ pé wọ́n pàtẹ àwọn nǹkan àtijọ́ sí gbọ̀ngàn kan ní Ìkòsí, mo ní a jọ ń lọ, bóyá a ó rí nǹkan bára wa sọ.

A kọjá ìkòkò, a kọjá aṣọ, kò sọ nǹkan kan. Ìgbà tí a dé ibi pátákó kan tó ní eyín bí ìka ọwọ́ ló dúró.

"Grandma, kí ni wọ́n ń fi èyí ṣe?"

Inú mi dùn. Èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Mo ní, "Kí lo rò?"

"Comb ẹṣin ni!"

"Ẹṣin wo ló máa dúró kí wọ́n fi èyí ya á nírun? Àfi kí wọ́n dè é mọ́lẹ̀."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin kan tó dúró sẹ́yìn wa, tó ní ata lòun ń tà ní Mile 12, dá sí i: "Mama, ẹ wo bí eyín rẹ̀ ṣe dán. Okùn ló ń gba ibẹ̀ kọjá."

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. "Ṣùgbọ́n apá kan nìkan ló dán. Apá kejì ṣì rí hákahàka. Kí ló dé?"

Ká máa wá ìdáhùn báyìí ni ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ dé.

"Mummy, ẹ dákẹ́, ẹ jọ̀ọ́. Ibí kì í ṣe ọjà. Gbogbo ẹ̀ ló wà lára ògiri. Aunty kékeré, ó yá, kà á."

Òyìnbó ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ọmọ náà fi ojú kà á, ó sì ṣí kúrò.

Mo bi ọkùnrin náà pé, "Ọ̀gá, ta la dí lọ́wọ́? Ṣé pátákó ń sùn ni?"

"Òfin ni, Ma."

"Òfin ta ni?" ni aláta wí. "Tí ẹ bá fẹ́ ká dákẹ́, ẹ̀ bá ti ilẹ̀kùn."

Ṣé àwọn tó lo nǹkan yìí láyé àtijọ́ dákẹ́ nídìí rẹ̀ ni? Ẹnu ni wọ́n fi kọ́ ara wọn. Ògiri kò lè bi ọmọ pé, kí lo rò?

Nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé wa padà sí ilé mi ní Kétu, mo ní, "Apá tí kò dán yẹn, o ò tíì sọ èrò ẹ."

Ó wo ojú ọ̀nà. "Grandma, wọ́n ti ní ká dákẹ́."

Nínú kẹ̀kẹ́ o!